Ẹsẹ̀ Igi Oníkọ́kọ́rọ́

Ọjọ́ kẹrin, oṣù kejì

Bàbá mi àtàtà,

Ẹ kú àárọ̀ tàbí ẹ kú alẹ́, èyí tí lẹ́tà yìí bá bá yín nínú rẹ̀. Ṣé àlàáfíà lẹ wà? Ìyá mi ńkọ́? Ṣé ikọ́ ọ̀hún ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Èmi náà wà. Mo ń jẹun, mo ń ṣiṣẹ́, mo sì ń sùn lọ́jọ́ tí ìbàdí bá gbà mí láyè. Ìbàdí ríro yìí ti ń di ará ilé mi báyìí. Bàtà ìlú yìí ni mo kà á sí lọ́rùn. Gbogbo èyí tí mo rà ni ti òsì ń yọ lẹ́sẹ̀ mi bí mo bá ń rìn, bẹ́ẹ̀ ti ọ̀tún há bí ẹnu ọ̀nà ahun.

Bàbá mi, mo ní ìròyìn. Ẹ rántí pé ọwọ́ ilẹ̀kùn àti ẹnu ẹ̀rọ omi ni mo ti ń fi idẹ ṣe láti ìgbà tí mo ti dé ilé iṣẹ́ wa. Lóṣù tó kọjá, ọ̀gá mi pè wá jọ. Wọ́n ti kọ́ àdúgbò tuntun kan sí òdìkejì odò, ọgọ́ta ilé, tí kò sí àtẹ̀gùn kan ṣoṣo níbẹ̀. Ẹni tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́, ẹni tí ojú rẹ̀ kò ríran, arúgbó, tọkọtaya pẹ̀lú ọmọ wẹ́wẹ́, gbogbo wọn ni wọ́n jọ ń gbé ibẹ̀, kò sì sí pé ilé àwọn tibí nìyí, ti àwọn tọ̀hún nìyẹn. Wọ́n fẹ́ ère kan sí iwájú gbọ̀ngàn wọn. Ọ̀gá ní kí ẹni tó bá ní èrò mú un wá. Mo mú tèmi lọ, àní tèmi ni wọ́n yàn.

Ṣé ẹ rántí bí bàtà ṣe máa ń kún ẹnu ọ̀nà wa bí àlejò bá pọ̀ nínú ilé? Ohun tí mo yà fún wọn nìyẹn. Bàtà idẹ ti ogún ènìyàn, lórí ògiri kúkurú kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà gbọ̀ngàn, níbi tí ọwọ́ ẹni tó jókòó yóò dé, tí ẹni tí kò ríran yóò lè fọwọ́ wò. Ẹni tó bá ń kọjá á mọ̀ pé ilé kún.

Wàhálà kan ló wà. Mo ṣe bàtà mẹ́ta àkọ́kọ́ lọ fi hàn wọ́n. Bàbá kan wà nínú ìgbìmọ̀ wọn, tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì, tí kò ríran láti kékeré. Bàbá Tíṣà ni gbogbo wọn ń pè é. Ó fọwọ́ wo mẹ́tẹ̀ẹ̀ta jẹ́jẹ́, ó wá ní, “Ẹnì kan ṣoṣo ló ni gbogbo bàtà yìí. Ta ni? Àwa yòókù dà?”

Òótọ́ ló sọ. Orí ẹsẹ̀ igi kan náà tí mo rà lọ́jà ni mo ti rán gbogbo wọn kí n tó fi wọ́n ṣe àwòṣe idẹ. Mi ò sùn lóru ọjọ́ náà. Ẹsẹ̀ igi yín tó wà lókè àjà ṣọ́ọ̀bù ni mo ń rò: gbogbo ẹsẹ̀ tí ẹ ti fi igi gbẹ́ bí ti àwọn oníbàárà yín ṣe rí, tí ẹ ń rán bàtà wọn lé lórí, èyí tó gùn ju ìkejì rẹ̀ lọ, èyí tó tẹ̀, èyí tí kò ní ọmọ-ìka. Kò sí ibòmíràn tí mo ti lè rí irú rẹ̀. Ẹ dákun, ẹ bá mi fi ogún ránṣẹ́. Bí mi ò bá rí wọn kí oṣù karùn-ún tó parí, ẹlòmíràn ni wọn yóò gbé iṣẹ́ yìí fún, èmi á sì padà sídìí ọwọ́ ilẹ̀kùn.

Ẹ bá mi kí ìyá mi. Ẹ bá mi sọ fún àbúrò mi pé mo rí àwòrán irùngbọ̀n rẹ̀, kí ó fá a.

Èmi ọmọ yín.


Ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n, oṣù kejì

Ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì, ìyá rẹ kà á lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti ń sọ ọ́ kiri àdúgbò bí ẹni pé òun ló yọ́ idẹ náà. Ikọ́ ti lọ. Inú wa dùn púpọ̀. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ tó rí ohun tó wà lọ́wọ́ rẹ. Èmi náà ti rí i tipẹ́, kí o tó fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ bá àwọn tó ń fi iná yọ́ idẹ, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ọjọ́ mìíràn nìyẹn.

Nípa àwọn ẹsẹ̀ igi, mi ò lè fi wọ́n ránṣẹ́.

Má tíì bínú. Ó ti di ọdún mẹ́rìnlélógójì tí mo ti ń rán bàtà, mi ò sì kọ orúkọ oníbàárà sára ẹsẹ̀ igi rí. Àmì ni mo ń fi sí i: ẹja, àlùmọ́gàjí, fìlà, òòyà. O rò pé eré ni mo ń ṣe? Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò rí bí ti ẹlòmíràn, kì í wá sí ṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gangan. Á dúró títí àwọn èrò á fi tán. Á ti ilẹ̀kùn, á bọ́ ìbọ̀sẹ̀, á wá máa wo ojú mi bóyá n ó rẹ́rìn-ín tàbí n ó ṣàánú òun. Mi ò ṣe ọ̀kankan rí. Mo ń mú okùn ìwọ̀n ni. Ohun tó ń mú wọn padà wá nìyẹn, kì í ṣe pé abẹ́rẹ́ mi mú ju ti ẹnikẹ́ni lọ. Ẹsẹ̀ wọn wà lọ́dọ̀ mi bí ọ̀rọ̀ àṣírí ṣe ń wà lọ́dọ̀ ọ̀rẹ́. Báwo ni n ó ṣe wá kó o jáde sí gbangba, tí àwọn ènìyàn tí wọn kò mọ̀ á máa fọwọ́ pa á?

Nípa bàtà tó ń yọ ọ́ lẹ́nu, ẹsẹ̀ òsì lo ní ó ń yọ? Bàtà mẹ́ta tí mo rán fún ọ nígbà tí o ń lọ ńkọ́? Èyí tó bá ti gbó, dá a padà sí mi, kí n wò ó. Má ṣe sọ ọ́ nù.

Ìyá rẹ ní kí o máa fi omi gbígbóná jó ìbàdí. Ó tún ní ohun kan tó fẹ́ kí n sọ fún ọ, mo ní kí ó jẹ́ kí n sinmi.

Èmi bàbá rẹ.


Ọjọ́ kẹẹ̀ẹ́dógún, oṣù kẹta

Bàbá mi,

Ẹ kú iṣẹ́. Mo gba lẹ́tà yín.

Mo fẹ́ sọ òótọ́ tó wà nínú mi, ẹ má sì bínú. Èmi ò rò pé ti àwọn oníbàárà ló ká yín lára. Láti ọjọ́ tí mo ti fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ ni ẹ ti ń dúró de ọjọ́ tí n ó nílò yín, kí ẹ lè sọ pé rárá. Ìdajì àwọn tó ni ẹsẹ̀ wọ̀nyẹn ti kú. Ìdajì yòókù kò mọ̀ pé ẹ ṣì ní ẹsẹ̀ wọn lọ́wọ́. Eruku ló ń jẹ wọ́n lókè àjà, bẹ́ẹ̀ níhìn-ín ọgọ́ta ilé ló ń dúró dè wọ́n.

Ta ni yóò mọ ẹsẹ̀ ta ni? Èmi tí mo gbé inú ṣọ́ọ̀bù yẹn dàgbà pàápàá kò mọ Oníkọ́kọ́rọ́. Ẹ rántí bí èmi àti àbúrò mi ṣe máa ń pa ìtàn nípa rẹ̀? Gbogbo ọdún ni ẹ ń rán bàtà sórí ẹsẹ̀ igi alámì kọ́kọ́rọ́ yẹn, a kò sì rí i kí ó wá gbé e rí. Àbúrò mi ní olè ni, pé ìdí tó fi ń wá lóru nìyẹn. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tí ẹ pariwo lé mi lórí láyé yín, nítorí rẹ̀ ni. Mo jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, mo rí i pé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ tóbi ju ti òsì lọ, mo rò pé ẹ ṣi igi gbẹ́ ni, mo gbé fáìlì tí a fi ń fá igi, mo fá a kí wọ́n lè dọ́gba. Ire ni mo rò pé mo ń ṣe. Ẹ pariwo títí tí ìyá mi fi sáré wọlé. Àlejò tí mi ò mọ̀ yẹn ṣe pàtàkì jù mí lọ nígbà yẹn, ó sì dà bíi pé bẹ́ẹ̀ ló ṣì rí.

Bàtà yín mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ti gbó. Èyí tó kẹ́yìn já ní oṣù kọkànlá, mo sì ti sọ wọ́n nù. Òsì ló ń yọ, bẹ́ẹ̀ ni. Bàtà ọjà ni, kí ni a fẹ́ retí.

Ọmọ yín.


Ogúnjọ́, oṣù kẹrin

Bàbá mi ọ̀wọ́n,

Ó ti lé ní oṣù kan, mi ò rí ìwé yín. Mo pe àbúrò mi, ó ní ẹ wà dáadáa ṣùgbọ́n ẹ kì í gbélé mọ́, pé láàárọ̀ ni ẹ ti ń jáde, ẹ kì í sọ ibi tí ẹ ń lọ. Àyà mi ń já.

Ẹnu mi ló ṣẹ̀ yín, mo mọ̀. Ẹni tó bá mọ ẹjọ́ rẹ̀ lẹ́bi kì í pẹ́ lórí ìkúnlẹ̀. Mo kúnlẹ̀, bàbá mi. Ẹ má wo ti pé mo jìnnà.

Mo ro ẹjọ́ yín fún Bàbá Tíṣà, mo rò pé yóò gbè mí. Ó gbọ́ ọ tán, ó wá bi mí pé, “Ó ti di oṣù mẹ́ta tí o ti ń wá sí àdúgbò yìí. Kí ló dé tí o kò béèrè ẹsẹ̀ tèmi rí?”

Òótọ́ ibẹ̀ ni pé ojú máa ń tì mí láti wo ẹsẹ̀ wọn. Bí mo bá ń bá ìyá kan nínú wọn tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ sọ̀rọ̀, òkè ni mo ń wò bí ẹni pé ẹyẹ wà níbẹ̀. Mo fẹ́ràn wọn, wọ́n sì fẹ́ràn mi. Wọ́n máa ń po tíì dè mí, wọ́n máa ń béèrè yín. Síbẹ̀ mo ń ṣe bí ẹni tó wá láti ibi tí ara ti pé, tó wá ṣe ohun rere fún àwọn tí tiwọn kò pé. Mi ò mọ̀ ọ́n bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ohun tí ẹ kọ sí mi, nípa títi ilẹ̀kùn àti bíbọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń yé mi ni.

Nítorí náà, ẹ má fi ẹsẹ̀ igi kankan ránṣẹ́. Bí wọ́n bá gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, kí wọ́n gbà á. Lẹ́tà yín nìkan ni mo fẹ́.

Ọmọ yín tó ń bẹ̀bẹ̀.


Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù karùn-ún

Ọmọ mi,

Dìde lórí ìkúnlẹ̀, ìbàdí rẹ kò lágbára rẹ̀. Mi ò bínú. Mo bínú fún ọjọ́ mẹ́rin, ọjọ́ karùn-ún ìyá rẹ ní kí n yé fi oúnjẹ jà. Ó ní, “Ọmọ kò béèrè lọ́wọ́ wọn, ó ní ta ni yóò mọ̀. Ìwọ náà kò béèrè lọ́wọ́ wọn kí o tó sọ pé rárá.” Mo jókòó, mo rò ó, mo rí i pé obìnrin yìí tún ti borí mi.

Mo bá mú ọ̀pá, mo bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti ojúlé dé ojúlé. Ìdí tí o kò fi gbúròó mi nìyẹn. Dẹ́rẹ́bà tí àmì rẹ̀ jẹ́ ẹja, tí ọmọ-ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ méjì ti lọ, ní kí o gba òun láyè síwájú pátápátá, pé láti ogójì ọdún ni òun ti ń jókòó síwájú ọkọ̀, ẹ̀yìn kò bá òun lára mu. Adájọ́ obìnrin tó ti fẹ̀yìn tì dúpẹ́ pé mo béèrè, ó ní rárá, ó sì rọra ti ilẹ̀kùn. Mo yọ tirẹ̀ kúrò. Má ṣe wá àlùmọ́gàjí nínú àpótí. Télọ̀ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yí sínú láti inú ìyá rẹ̀ bú sẹ́kún. Ó ní gbogbo ènìyàn ló ti bi òun pé kí ló ṣe ẹsẹ̀ náà, pé èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó bi òun bóyá òun fẹ́ yá wa. Onífìlà ti kú. Àwọn ọmọ rẹ̀ fi ọjọ́ mẹ́ta bá ara wọn jà lórí rẹ̀, wọ́n wá gbà, wọ́n sì ti ipasẹ̀ ìjà náà rántí pé ọmọ ìyá ni àwọn.

Ẹni mẹ́tàlá ló fún ọ láṣẹ. Ẹsẹ̀ igi wọn wà nínú àpótí tí mo ti gbé lọ sí ilé ìfìwéránṣẹ́. Ó yẹ kí ó dé kí oṣù tó parí.

Ìkẹrìnlá wà nísàlẹ̀, mo fi aṣọ iṣẹ́ mi àtijọ́ wé e. Má ṣe lò ó títí o ó fi ka ìyókù ìwé yìí.

Nígbà tí o bẹ̀rẹ̀ sí í rìn, o máa ń ṣubú ju àwọn ọmọ ẹgbẹ́ rẹ lọ. Ìyá rẹ rò pé ojú ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Èmi wo ìsàlẹ̀ bàtà rẹ, mo rí i pé ẹ̀gbẹ́ kan ló ń jẹ, mo mú okùn. Ẹsẹ̀ òsì rẹ fi ìbú àtàǹpàkò kúrú ju ọ̀tún lọ, àtẹ́lẹsẹ̀ rẹ̀ sì kéré jù ú lọ díẹ̀. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Mo gé awọ, mo tẹ́ ẹ sínú bàtà òsì, o dìde, o sáré. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti jẹ́ kí o wọ bàtà ọjà. Bí ẹsẹ̀ rẹ ṣe ń dàgbà ni mo ń gbẹ́ igi mìíràn fún un. Gbogbo ilé ń pè mí ní ahun, ìwọ náà sunkún títí nítorí bàtà dídán tí àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ń wọ̀ lọ sí ilé ìwé. Mo gbà láti jẹ́ ahun.

Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ. Mo ní ẹsẹ̀ tí kò dun ènìyàn kò ní ìròyìn. Mi ò fẹ́ kí o máa rìn bí ẹni tí wọ́n ti sọ nǹkan fún. Ọjọ́ tí o gbé fáìlì sí igi yẹn, kì í ṣe igi ló mú mi pariwo. Ẹ̀rù bà mí pé o ó béèrè pé ti ta ni. Mo lẹ awọ mọ́ ibi tí o fá, mo sì ń rán bàtà rẹ lórí rẹ̀ lọ. Nígbà tí o ń rìnrìn àjò, mo rán mẹ́ta, mo rò pé kí wọ́n tó gbó n ó ti rí ẹnu sọ ọ́. Mi ò rí i. Ìbàdí tó ń ro ọ́, èmi ni mo fà á. Má ṣe bínú sí mi.

Gbogbo àwọn oníbàárà mi ni mo ti lọ bá, ó ku ọ̀kan tí mi ò tíì bi.

Oníkọ́kọ́rọ́, ìwọ ni mo ń béèrè lọ́wọ́ rẹ báyìí. Ṣé o fún wa láṣẹ?

Bàbá rẹ.


Ọjọ́ kejì, oṣù kẹsàn-án

Bàbá mi, aránbàtà mi,

Ẹ ti gbọ́ ohùn mi lórí fóònù, ẹ ti gbọ́ ẹkún mi, ẹ sì ti gbọ́ “bẹ́ẹ̀ ni” tí mo sọ. Ṣùgbọ́n ìyá mi ní ẹ kò gbà á, pé ẹ ní bí gbogbo àwọn yòókù ṣe fún yín láṣẹ lójúkojú, ó kéré tán kí tèmi wà lákọsílẹ̀. Ó dáa. Èmi Oníkọ́kọ́rọ́ gbà, tọkàntọkàn.

Ọjọ́ tí mo ka ìwé yín, mo ká páálí lọ́nà mẹ́ta, mo tẹ́ ẹ sínú bàtà òsì. Mo rìn lọ sí ibi iṣẹ́, mi ò mọ̀ pé mo ti dé. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà ilé iṣẹ́, mo ń rẹ́rìn-ín bí ẹni tí orí rẹ̀ kò pé, ọ̀gá mi sì bi mí bóyá mo mu nǹkan. Láti oṣù kọkànlá ni mo ti ń bú àwọn tó ń ṣe bàtà ìlú yìí. Ẹ bá mi tọrọ àforíjì lọ́wọ́ wọn.

Mo dé àdúgbò ọ̀hún lọ́jọ́ kejì, mo sọ ìtàn náà fún wọn. Mo bọ́ bàtà nínú gbọ̀ngàn, mo fi ẹsẹ̀ mi hàn wọ́n. Ìyá tó ń lo àga oníkẹ̀kẹ́ rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀, ó ní, “O káàbọ̀, ọmọ mi. A ti ń dúró dè ọ́.” Lẹ́yìn náà ni àwọn náà ń bọ́ bàtà. Nígbà tí a ka àwọn tó fẹ́ tán, ẹni mẹ́fà ló ní kí n mú okùn wá. Mo mú okùn bí ẹ ṣe kọ́ mi, mi ò rẹ́rìn-ín, mi ò ṣàánú. Ogún pé.

Àná ni wọ́n ṣí i. Mo fi dẹ́rẹ́bà yín síwájú pátápátá bó ṣe fẹ́. Ti télọ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Bàbá Tíṣà. Mi ò kọ orúkọ ẹnikẹ́ni sí i, àmì nìkan ni. Àwọn ọmọ wẹ́wẹ́ ti ń jà lórí ta ni ẹja, ta ni òòyà. Tèmi ló kẹ́yìn, lẹ́bàá ilẹ̀kùn. Mi ò fi fáìlì kàn án, àní etí awọ tí ẹ lẹ̀ mọ́ igi yẹn ni mo jẹ́ kí ó hàn lára idẹ.

Bàbá Tíṣà fọwọ́ wò wọ́n láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, kò yára. Ó dé orí tèmi, ó dúró, ó fọwọ́ wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó tún padà sí ọ̀tún. Ó ní, “Ẹni tó rán bàtà fún ẹni yìí fẹ́ràn rẹ̀.”

Ẹni tí a ṣe lóore tí kò dúpẹ́, bí ọlọ́ṣà kó ni lẹ́rù lọ ni. Bàbá mi, mo dúpẹ́. Mo dúpẹ́ bàtà ilé ìwé tí kò dán. Mo dúpẹ́ orúkọ ahun tí ẹ jẹ́ nítorí mi. Mo dúpẹ́ gbogbo sísáré tí mo sá láìmọ̀ pé ẹnìkan ti tẹ́ awọ sílẹ̀ fún mi. Ẹ bá mi kí ìyá mi, ẹ sọ fún wọn pé wọ́n tún ti borí.

Mo ti ń dá ẹsẹ̀ igi mẹ́tàlá padà fún yín, kí ẹ lè dá wọn padà sókè àjà. Ìkẹrìnlá wà lókè pátápátá nínú àpótí, mo fi aṣọ iṣẹ́ tèmi wé e. Òjò máa bẹ̀rẹ̀ níhìn-ín láìpẹ́, páálí kò sì gba omi.

Ẹ dákun, ẹ bá mi rán bàtà kan. Dúdú ni kí ó jẹ́. Ẹ ṣáà ti mọ ìwọ̀n mi.

Èmi ni,
Oníkọ́kọ́rọ́.